FỌ́TÒ ÌBEJÌ: IṢẸ́ ỌWỌ́ ÀWỌN ONÍFỌ́TÒ ÀTIJỌ́

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Bwari ṣe ibùgbé, àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Àrọ́bá tiwa lọ́dún yìí wà lára ògiri ilé bàbá wa.

Fọ́tò dúdú-àti-funfun ni. Táyé àti Kẹ́hìndé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú rẹ̀. Ojú kan náà, aṣọ kan náà. Ìgbà tí a dàgbà ni ìyá wa àgbà tó là á yé wa pé ọmọ kan ṣoṣo ni. Èkejì ti kú kí wọ́n tó ya fọ́tò.

Ọdún 1839 ni wọ́n kéde iṣẹ́ fọ́tò yíyà ní Paris. Kó tó di 1900, N. Walwin Holm, tó ti Gold Coast wá, ti ń ya fọ́tò l'Ékòó. Nígbà tó yá, àwọn onífọ́tò wa fi iṣẹ́ náà bá àṣà wa mu. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣèwádìí nípa fọ́tò ìbejì ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1978.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Onífọ́tò á ya ọmọ tó wà láàyè. Nínú yàrá òkùnkùn, lábẹ́ iná pupa, á fi nẹ́gátíìfù kan náà tẹ àwòrán lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Bó bá ń tẹ apá ọ̀tún, á bo apá òsì. Lẹ́yìn náà ló máa fọ fọ́tò: oògùn kìn-ín-ní á mú àwòrán jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní hypo kò sì ní jẹ́ kó ṣá. Bí ìbejì bá jẹ́ akọ àti abo, á ya ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, nínú aṣọ ọkùnrin àti ti obìnrin.

Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìgbàgbọ́ wa ni pé ìbejì kì í dá wà. Nínú àwọn ìdílé tó ti gba ẹ̀sìn Kírísítì tàbí Ìsìláàmù, fọ́tò yìí ló rọ́pò ère ìbejì.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ ohunkóhun sẹ́yìn fọ́tò tiwa. Ṣé Táyé ló kú ni, àbí Kẹ́hìndé? Ìyá wa àgbà ti lọ, a kò sì rẹ́ni bi mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sílé nígbà Iléyá tàbí Kérésì, ẹ kó fọ́tò inú àpótí jáde níwájú àwọn àgbà. Ẹ bèèrè orúkọ, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn. Ẹ mú àwọn ọmọ tí a bí sí Bwari dání, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n ń wò. Ọdún á yabo o.