Ketamine fún ìrora tó ti pẹ́ lára: Ẹni tó lè wúlò fún, àti ìdí tí kì í fi ṣe oògùn à-rà-lò ní kẹ́míìsì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí rẹ̀ ló ń jẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti agbègbè rẹ̀ ni kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé òwe yìí fún: àgbẹ̀ tó ti ń bẹ̀rẹ̀ roko kòkó láti kékeré, ìyá tó ń ru ẹrù lọ sọ́jà, ọlọ́kadà tó ti ṣubú rí. Ẹ̀yìn ń ro, orúnkún ń dùn wọ́n, àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta wọ́n bí iná, oṣù ń gorí oṣù. Ẹlòmíì á lo panadol títí, á kúrò lórí panadol bọ́ sórí tramadol, síbẹ̀ ara ò ní balẹ̀.

Oògùn kan tí orúkọ rẹ̀ tún ń jáde nínú ọ̀rọ̀ ìrora báyìí ni ketamine. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé ìtọ́jú aládàáni wà tó ń polówó rẹ̀ fún ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ẹni tó ń jẹ̀rora tó bá rí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ lórí fóònù á fẹ́ mọ̀ bóyá ìwòsàn òun ti dé. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ nìyí.

Kí ni ketamine?

Oògùn tí àwọn dókítà fi ń mú èèyàn sùn fún iṣẹ́ abẹ ni. Omi tó mọ́ gaara ni, inú ìgò kékeré ló máa ń wà, wọ́n sì máa ń fi abẹ́rẹ́ fà á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí kí wọ́n gún un sínú ẹran ara. Lọ́dún 1962 ni Calvin Stevens, onímọ̀ kẹ́mísírì tó ń bá ilé iṣẹ́ oògùn Parke-Davis ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, ṣe é jáde. Lọ́dún 1964, Edward Domino àti Guenter Corssen kọ́kọ́ dán an wò lára èèyàn. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 1970, àwọn dókítà ológun sì lò ó fún àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Vietnam.

Oorun ketamine yàtọ̀ sí oorun lásán. Ojú aláìsàn lè là sílẹ̀, ó sì lè máa mí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló máa dà bíi pé ọkàn rẹ̀ ti kúrò lára rẹ̀. Kò ní mọ̀ pé wọ́n ń ge òun.

Kí ló dé tí àwọn ilé ìwòsàn wa fi fẹ́ràn rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn oorun yòókù ló máa ń dín mímí kù, tó sì máa ń fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Àwọn míì tún wà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ olówó ńlá ni wọ́n fi ń lò wọ́n. Ketamine kì í sábà fa mímí wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò wọ́n, kò sì nílò iná mànàmáná. Níbi tí NEPA ti lè mú iná lọ láàárín iṣẹ́ abẹ, àǹfààní ńlá nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró ti aláìsàn títí tí ojú rẹ̀ á fi wálẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ketamine sára àwọn oògùn kòṣeémánìí lọ́dún 1985, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Káàkiri Nàìjíríà ni wọ́n ti ń lò ó: fún iṣẹ́ abẹ, fún títún egungun tó ṣẹ́ tò, fún wíwẹ ọgbẹ́ ọmọ tí iná jó. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì tó ń ka èyí ti gbà á rí láìmọ orúkọ rẹ̀.

Báwo ló ṣe wá kan ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́?

Tí ìrora bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, àwọn onímọ̀ ìlera kà á sí ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ìrora tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ dà bí ọlọ́dẹ àdúgbò tó fun fèrè nígbà tó rí olè. Ó ń kìlọ̀ fúnni, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n nígbà míì, olè ti lọ, ilẹ̀ ti mọ́, ọlọ́dẹ ò sì dẹ́kun fèrè fífun. Egbò ti jinná, àmọ́ àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ ti kọ́ àṣà tuntun. Ohun tí kò yẹ kó dunni á wá máa dunni. Kódà, aṣọ tó bá fara kan ibẹ̀ lásán lè dà bí ìgbà tí wọ́n fi iná kàn án.

Ọ̀kan lára àwọn ibi tí àṣà yìí ti ń wá ni ilẹ̀kùn kékeré kan tó wà lára iṣan nínú ọpọlọ àti nínú egungun ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní NMDA. Tí ìrora bá ń kan ilẹ̀kùn yìí léraléra, á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ariwo ìrora á sì máa pọ̀ sí i. Ketamine ló máa ń di ẹnu ilẹ̀kùn náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ronú pé tí wọ́n bá fún èèyàn ní ìwọ̀n kékeré, tí kò tó èyí tó ń múni sùn, ó lè pa ariwo náà rọ́rọ́.

Kí ni ìwádìí fi hàn?

Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu, àmọ́ èsì ìwádìí kò rí bí ìpolówó ṣe ń sọ ọ́.

Lórílẹ̀-èdè Netherlands, lọ́dún 2009, wọ́n gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí 60 èèyàn tó ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní CRPS. Nínú àìsàn yìí, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tó ti fara pa rí á máa ro, á máa wú, á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ó lé ní ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi ń fa oògùn sí wọn lára. Ìrora àwọn tó gba ketamine dín kù dáadáa ju tàwọn tó gba omi lásán lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejìlá, ìyàtọ̀ náà ti pòórá. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà ṣe kò pọ̀ sí i.

Lórílẹ̀-èdè Australia, lọ́dún 2012, ìwádìí mìíràn jáde lórí 185 èèyàn tí ìrora jẹjẹrẹ ń bá jà. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba ketamine, 31 ni ara tù. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, 27 ni ara tù. Ìyàtọ̀ yìí kéré jù láti gbára lé, bẹ́ẹ̀ ìpalára tí ketamine mú wá pọ̀ ju ti ìkejì rẹ̀ lọ.

Lọ́dún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà mẹ́ta ní Amẹ́ríkà para pọ̀ ṣe ìlànà lórí rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rí wà dé àyè kan pé ó lè dín ìrora CRPS kù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá, àti pé ẹ̀rí díẹ̀ wà fún àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa, fún ìgbà díẹ̀. Fún àwọn ìrora yòókù, ẹ̀rí kò lágbára, tàbí kó má tilẹ̀ sí rárá. Lọ́dún 2025, àwọn olùṣèwádìí Cochrane yẹ ìwádìí 67 wò lórí ketamine àti àwọn oògùn tó fara jọ ọ́. Wọn ò rí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń mú ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ kúrò. Èyí ò túmọ̀ sí pé kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sẹ́ni tó lè ṣèlérí rẹ̀ fún yín.

Ketamine fún iṣẹ́ abẹ ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2019 fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń fín sínú imú, tó ń jẹ́ esketamine, ni. Kì í ṣe fún ìrora.

Àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ńkọ́?

Nàìjíríà ni àwọn tó ní àìsàn yìí pọ̀ sí jù lágbàáyé, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì mọ ẹnì kan tó ní in. Nígbà tí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, morphine àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n máa ń lò nílé ìwòsàn. Lọ́dún 2020, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà dábàá pé tí àwọn oògùn wọ̀nyẹn ò bá ká ìrora náà, wọ́n lè fi ìwọ̀n kékeré ketamine kún un. Ẹ fiyè sí i: orí ibùsùn ilé ìwòsàn ni, fún ìgbà díẹ̀ ni, ojú dókítà sì gbọ́dọ̀ wà lára aláìsàn. Kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń gbé lọ sílé.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Ẹni tó gba ketamine lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kí ẹ̀rù sì bà á gidigidi. Òòyì lè kọ́ ọ, ó lè máa bì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sókè lójijì. Nítorí náà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì wálẹ̀, ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú rí àti aláboyún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́.

Fún ẹni tó ń lò ó léraléra, ewu míì tún wà. Lọ́dún 2007, àwọn dókítà ní Canada ṣàlàyé bí ketamine ṣe ń ba àpò ìtọ̀ jẹ́: ẹni náà á máa tọ̀ ní gbogbo ìgbà, á máa dùn ún, ẹ̀jẹ̀ á sì máa bá ìtọ̀ jáde. Ó lè ṣe ẹ̀dọ̀ lọ́ṣẹ́, ó sì lè di bárakú. Tí èèyàn bá pò ó mọ́ ọtí tàbí tramadol, ó lè sùn kó má jí mọ́.

Òṣèré Amẹ́ríkà nì, Matthew Perry, kú ní October 2023, àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò sì sọ pé ketamine ló ṣe é. Ní oṣù yẹn kan náà, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, kìlọ̀ fún àwọn tó ń gba ketamine lò nínú ilé láìsí dókítà nítòsí.

Ṣé kí wọ́n wá fòfin dè é ni?

Ilẹ̀ China gbé irú ọ̀rọ̀ yìí lọ síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń ṣì í lò. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi ketamine sábẹ́ òfin líle tó de àwọn oògùn olóró. WHO ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé tí wọ́n bá dè é, àwọn ilé ìwòsàn ìgbèríko tí kò ní oògùn oorun mìíràn ló máa jìyà rẹ̀. Ní March 2015, wọ́n sún ìpinnu náà síwájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Òfin tó yí morphine ká wà lára ohun tó jẹ́ kó ṣòroó rí fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ lọ́pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Tí ketamine bá di ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, aboyún tó nílò iṣẹ́ abẹ lóru ni wọ́n ń fi ṣeré.

Kí lẹni tó ń jẹ̀rora lè ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ń fa ìrora náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń ta bí iná lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, kí ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé fún yín lọ sí Wesley Guild ní Iléṣà, tó jẹ́ ara OAUTHC, tàbí ilé ìwòsàn UNIOSUN ní Òṣogbo. Ní UCH, Ìbàdàn, ẹ̀ka wà tó ń tọ́jú ìrora àwọn tí àìsàn wọn le gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, onímọ̀ oògùn oorun, wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà.

Fún ìrora iṣan, àwọn oògùn bíi amitriptyline àti gabapentin wà tí dókítà lè kọ. Fún ẹ̀yìn àti orúnkún, eré ìdárayá lọ́dọ̀ àwọn physiotherapist máa ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í yá. Ẹ má ra tramadol lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn kiri, pàápàá èyí tó bá ju 100mg lọ, torí NAFDAC ò fọwọ́ sí i.

Tí ẹ̀yìn bá ń ro yín, tí ẹsẹ̀ wá ń rọ, tí ẹ ò lè ṣàkóso ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mọ́, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Tí dókítà bá wá dárúkọ ketamine fún yín, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin. Irú ìrora wo ni tèmi, ṣé ó wà lára àwọn tí ẹ̀rí wà fún? Ibo lẹ ti máa fún mi, ta ló máa dúró tì mí? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni màá gbà á? Kí la máa ṣe tí kò bá ṣiṣẹ́? Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, tàbí tó ní kí ẹ gbé ìgò rẹ̀ lọ sílé, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.