Ouro Preto: Ẹ Kọ́kọ́ Wọ Inú Ilẹ̀ Ná

  Gbogbo ìgbà tí a bá ti mẹ́nu ba àwọn Àgùdà lórí ètò yìí ni ẹnìkan máa ń béèrè pé, tí òun bá rówó ọkọ̀ òfurufú dé Bràsíl, ṣé Bahia nìkan ni kí òun lọ? Rárá o. Bahia dára, a ó ṣì padà síbẹ̀. Àmọ́ ìlú kan wà lórí òkè, tó jìnnà sí òkun, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dárúkọ. Ouro Preto ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Wúrà Dúdú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ rìn ín fún yín, torí ibi tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ló máa sọ irú ìtàn tó máa gbọ́.

Ká yára sọ ti ọ̀nà. Ìpínlẹ̀ Minas Gerais ni ìlú náà wà, bíi 100 kìlómítà sí Belo Horizonte. Bọ́ọ̀sì ni ẹ máa wọ̀ láti ibẹ̀, nǹkan bíi wákàtí méjì. Ó ga ju 1,100 mítà lọ, òkúta ni wọ́n sì tẹ́ sí ojú pópó rẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sókè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sílẹ̀. Bàtà tó ń yọ̀ kò gbọdọ̀ bá yín lọ. Tó bá jẹ́ oṣù kẹfà tàbí ìkeje ni, ẹ mú súwẹ́tà.

Nǹkan bí ọdún 1698 ni wọ́n rí wúrà nínú àwọn odò kéékèèké ibẹ̀. Ara rẹ̀ dúdú nítorí irin àti àdàlù mìíràn tó bò ó, ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Ní 1711 wọ́n sọ ibùdó náà di ìlú, wọ́n pè é ní Vila Rica, Ìlú Ọlọ́rọ̀. Ọba Pọtogí ń gba ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo wúrà tó bá jáde. Nígbà tó yá, wúrà tán. Ní 1897 wọ́n gbé olú-ìlú ìpínlẹ̀ lọ sí Belo Horizonte, owó náà sì bá a lọ. Àwọn tó ṣẹ́kù kò rí owó wó ilé àtijọ́ láti kọ́ tuntun. Ìṣẹ́ ló tọ́jú ìlú yẹn títí UNESCO fi kà á mọ́ ohun ìní aráyé ní 1980.

Ó dáa. Ìwé àwọn arìnrìn-àjò máa ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Nossa Senhora do Pilar, níbi tí wọ́n ti ń sọ pé wúrà tó wà lára pẹpẹ àti ògiri lé ní 400 kìlógíráàmù. Ẹ ó dé ibẹ̀, àmọ́ ẹ má ṣe é ní ọjọ́ kìíní. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wúrà lára pẹpẹ á béèrè pé ta ló gbẹ́ igi yìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ kòtò á béèrè pé ta ló wà á.

Nítorí náà, Mina du Veloso ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, ní àdúgbò São Cristóvão. Ihò ni, tí àwọn ẹrú fi irin ọwọ́ gbẹ́ wọ inú òkè. Wọ́n á fún yín ní akoto, ẹ ó sì lò ó, torí àwọn ibì kan wà tí ẹ máa tẹ̀ ba kí ẹ tó kọjá. Àlàyé tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́: pé agbára apá nìkan kọ́ ni wọ́n kó wá láti Áfíríkà, wọ́n kó ìmọ̀ wá pẹ̀lú. Àwọn olówó ẹrú fúnra wọn mọ̀. Ẹrú “Mina” ni wọ́n ń wá, ìyẹn àwọn tí wọ́n kó láti etíkun wa níbí, láti Elmina ní Gánà títí dé agbègbè Ouidah. Tábà tí wọ́n ká ní Bahia ni wọ́n fi ń rà wọ́n. Ní 1726, gómìnà Rio kọ̀wé sí ọba pé kò sí awakùsà tó lè wà láìní obìnrin Mina, pé àwọn ló ń mú oríire wá. Ìmọ̀ èèyàn ni wọ́n sọ di oríire yẹn.

Mi ò ní bù mọ́ ọn fún yín o. Àwọn Akan ló mọ iṣẹ́ wúrà jù ní etíkun yẹn. Ní ti Ouidah àti àyíká rẹ̀, wúrà kọ́ ni iṣẹ́ wọn. (Ẹ̀yin ará Iléṣà, mo mọ̀ pé ó wà lábẹ́ ilẹ̀ yín, ẹ má bínú.) Àmọ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ irin, tó mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọkọ́ àti àdá, kì í ṣe òpè níwájú òkúta.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí, torí ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo ìtàn yìí ló kàn. Ní 1741, Pọtogí kan tó ń gbé Vila Rica, António da Costa Peixoto, kọ ìwé kan tó pè ní Obra Nova de Língua Geral de Mina. Ìwé ìkọ́ni-lédè ni. Èdè inú rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn onílẹ̀ Bràsíl. Èdè àwọn ẹrú ni, tó bá Fọ̀n àti Ègùn tan. Kò fi ìdí tó fi kọ ọ́ pamọ́: ó fẹ́ kí àwọn olówó ẹrú gbọ́ ohun tí àwọn ẹrú ń bá ara wọn sọ, kí olè, ìwọ̀sí àti ìpànìyàn lè dínkù. Ẹ rò ó wò ná. Wọ́n pọ̀ débi pé ẹni tó rà wọ́n ló ń kọ́ èdè wọn, nítorí ìbẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ ọjà wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ ìjà. Ó lé ní 200 ọdún kí wọ́n tó tẹ ìwé náà jáde. Ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣọ́ wọn ló wá pa ohùn wọn mọ́.

Ṣé Yorùbá wà láàárín wọn? Ó wà. Nagô ni àkọsílẹ̀ máa ń pe tiwa. Àmọ́ ní àsìkò wúrà yẹn, àwọn aládùúgbò wa láti ìhà Dàhòmì ló pọ̀ jù. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni tiwa wá pọ̀ gan-an ní Bahia.

Tí ẹ bá jáde nínú kòtò, ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Casa dos Contos. Ilé agbowó-orí kan tó lówó rẹpẹtẹ ni, láti àwọn ọdún 1780. Òkè ni wọ́n ti ń ṣírò wúrà ọba; ìsàlẹ̀, lábẹ́ ilé náà gan-an, ni wọ́n ń fi àwọn ẹrú sí. Ẹ má jókòó sókè nìkan. Gbàgede Praça Tiradentes náà kò jìnnà. Tiradentes ni akọni tí gbogbo Bràsíl ń bọlá fún: wọ́n gbìmọ̀ òmìnira ní 1789, wọ́n yẹgi fún un ní Rio ní 1792, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ wá kọ́ sí ìlú yìí. Ẹ wọ inú mùsíọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀. Kí ẹ tó jáde, ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbìmọ̀ náà ló ní ẹrú nílé.

Ìrìn gidi ni ti Santa Efigênia, lókè Alto da Cruz. Ẹ ó mí gúlegúle kí ẹ tó débẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1733, ó sì gbà wọ́n ní bí àádọ́ta ọdún. Ẹni mímọ́ ará Etiópíà ni wọ́n fi sọ orí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ máa ti gbọ́ nípa Chico Rei: ọba kan láti Kọ́ńgò tí wọ́n kó lẹ́rú, tó ṣiṣẹ́ ra ara rẹ̀ padà, tó ra kòtò wúrà, tó sì fi owó rẹ̀ ra àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn obìnrin a máa kó lẹ́búlẹ́bú wúrà sínú irun, wọn a sì lọ fọ̀ ọ́ nínú omi ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ìwé ìgbà náà kankan tó jẹ́rìí sí Chico Rei. Ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti kọ ọ́. Ohun tó dájú kò kéré sí ìyẹn lójú tèmi. Ẹgbẹ́ yẹn wà lóòótọ́. Àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba ara wọn ń dá owó síbẹ̀, wọ́n ń sìnkú ara wọn, wọ́n ń yan ọba àti ayaba tiwọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá èésú, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wá lọ wo wúrà Pilar, àti São Francisco de Assis tí Aleijadinho yàwòrán rẹ̀. Ẹrú ọmọ Áfíríkà ni ìyá Aleijadinho. Àìsàn bà á lọ́wọ́ jẹ́, kò sì fi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Níbẹ̀ nìkan ni mo gbà kí ẹ gbójú sókè pẹ́: Ataíde kun àjà, ó sì fi Màríà tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú síbẹ̀, kì í ṣe òyìnbó. Ọjà ère òkúta wà ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ ná ọjà dáadáa. Tí ebi bá pa yín, ẹ béèrè frango com quiabo pẹ̀lú angu. Ọbẹ̀ ilá aládìyẹ ni, pẹ̀lú òkèlè àgbàdo. Kò ní ṣàjèjì sí ọ̀fun yín, Áfíríkà ni ilá ti wá.

Ní oṣù kìíní ni àwọn ẹgbẹ́ congado máa ń lu ìlù gun òkè lọ sí Santa Efigênia, pẹ̀lú ọba àti ayaba wọn, dé lónìí. Tí ẹ bá lè fi ìrìn-àjò yín sí àsìkò yẹn, ẹ tètè dé kí ẹ lè rí àyè lórí àtẹ̀gùn. Àmọ́ àsìkò òjò ni. Ní oṣù kìíní 2022, òkè kan ya lulẹ̀ láàárín ìlú, ó sì wó ilé àtijọ́ kan pátápátá. Ẹ mú agbòjò, kí ẹ sì gbọ́ràn sí àwọn onílé lẹ́nu tí wọ́n bá ní kí ẹ má gba ọ̀nà kan.