Harriet Harman: Aṣòfin Tí Rye Lane Rán Lọ sí Westminster

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ra èlùbọ́, ata rodo àti pọ̀nmọ́ ní Rye Lane, ní Peckham, London, ni kò mọ̀ pé obìnrin kan ṣoṣo ló ṣojú Peckham nílé aṣòfin ìlú Ọba láti 1982 títí di 2024. Harriet Harman lorúkọ rẹ̀. Ọmọ dókítà ni, iṣẹ́ lọ́yà ló sì ń ṣe kó tó bọ́ sídìí òṣèlú.

Harry Lamborn tó ń ṣojú Peckham tẹ́lẹ̀ ló kú, ni wọ́n bá dìbò ní oṣù Kẹwàá 1982 láti wá arọ́pò. Oyún wà nínú Harman bó ṣe ń tọrọ ìbò kiri. Nígbà náà, obìnrin kò pé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún aṣòfin. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ àti owó oṣù obìnrin kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà yẹn, òun náà ló sì ṣagbátẹrù òfin ìdọ́gba tó jáde ní 2010.

Ó ní àbùkù tirẹ̀. Tony Blair, olórí ìjọba nígbà náà, fi í ṣe mínísítà ètò ìrànwọ́ aráàlú ní 1997. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti dín owó ìrànwọ́ àwọn ìyá tó ń dá tọ́mọ kù, títí kan àwọn tó dìbò fún un ní Peckham. Aṣòfin mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú ẹgbẹ́ Labour tirẹ̀ ló dìbò ta kò ó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yọ ọ́. Àmọ́ ó padà wá: ó di igbákejì olórí ẹgbẹ́ ní 2007, ó sì ṣe adelé olórí lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 2008, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń bá ọlọ́pàá rìn ní Peckham, ó wọ ẹ̀wù tí ọ̀bẹ kì í wọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní kò ju akoto téèyàn ń dé níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ. Lóòótọ́, ìbẹ̀rù kò ṣàdédé wá, torí Peckham yìí náà ni wọ́n ti pa Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní 2000. Ṣùgbọ́n bùbá lásán làwọn ìyá wa ń wọ̀ lọ sọ́jà níbẹ̀.

Ohun tó ṣe tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀rọ̀ tó sọ ní 2010. Ó yin àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ó sì ní ó yẹ kí ìjọba wo bí wọ́n ṣe lè rí ìdẹ̀rùn gbà lórí owó orí. Wọ́n bú u gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tò sórí ìlà ní Rye Lane láti fi owó ilé ìwé ránṣẹ́ sí Ìbàdàn mọ̀ pé aṣòfin tó mọ ìlú rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ yẹn.

Ọdún 2010 náà ni ọmọ wa, Tayo Situ, kánsẹ́lọ̀ Peckham, di Méyọ̀ Southwark, ìjọba ìbílẹ̀ tí Peckham wà nínú rẹ̀. Ó kú sórí oyè ní 2011.

Harman kò dupò mọ́ ní 2024. Ilé àwọn Lọ́ọ̀dù ló gbà lọ. Miatta Fahnbulleh, tí wọ́n bí ní Liberia, ló gba àga náà. Yorùbá kò tíì jókòó síbẹ̀, àmọ́ agbára ìbò wà lọ́wọ́ wa. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lè dìbò níbí láì gba páàsì ìlú Ọba, nítorí ọmọ Kọ́mánwẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ẹ lọ ṣe bẹ́ẹ̀.