Kí ẹ tó fi owó aago ránṣẹ́ sókè òkun, ẹ gbọ́ ìtàn Agége

1/ Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, thread tòní gùn o, ẹ fara balẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí nínú DM: "Mo rí Rolex lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní London, tàbí Dubai. Owó ẹ̀ dáa. Báwo ni mo ṣe máa rà á tí wọn ò ní lù mí ní jìbìtì?" Màá dáhùn. Ṣùgbọ́n ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ìtàn náà ni màá fi dáhùn. Agége níbí ló sì ti máa bẹ̀rẹ̀.

2/ Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó láyé àtijọ́. Alárinà wà láàárín. Ó mọ ilé ọkọ, ó mọ ilé ìyàwó, òun ló ń bá wọn wádìí. Àwọn àgbà ní bí ojú bá ti mọ ojú tán, alárinà á yẹ̀bá. Àmọ́ ẹni tó ń ra ọjà lókè òkun, ojú ẹ̀ kì í mọ ojú ẹni tó ń tà á. Torí náà, alárinà ò gbọdọ̀ yẹ̀bá. Ọ̀rọ̀ tí mo ní nìyẹn. Àwọn ìtàn tó kù, ẹ̀rí ni.

3/ Ọdún 1852 ni ọkọ̀ ojú omi African Steam Ship Company, ti Macgregor Laird, bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti England sí etíkun wa lóṣooṣù. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn oníṣòwò ńlá tó ní ọkọ̀ tiwọn ló ń jayé orí wọn. Ìgbà tí ọkọ̀ yìí dé, oníṣòwò kékeré ní Èkó náà lè kọ lẹ́tà sí Manchester tàbí Liverpool, kó san owó ọkọ̀, kí ẹrù ẹ̀ sì dé. Lẹ́tà lọ, ẹrù bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fi yàtọ̀ sí oda lórí fóònù?

4/ Àwọn Sàró ló kọ́kọ́ rí já níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni James Pinson Labulo Davies. Ọdún 1828 ni wọ́n bí i ní Sierra Leone, ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dolówó ní Èkó. Òun ló fẹ́ Sara Forbes Bonetta, ọmọbìnrin tí Ọbabìnrin Victoria tọ́jú bí ọmọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, £50 ló mú kalẹ̀ kí wọ́n fi ra ìwé àti ohun èlò láti London. Ọ̀gá ni ká sọ pé ó jẹ́ nínú ká rajà lókè òkun.

5/ Síbẹ̀, òwò yìí náà ló gbé e ṣubú. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn rèé: àwọn iléeṣẹ́ England á kó ọjà fún ẹ ní àwìn, ìwọ á máa fi epo pupa àti ekùrọ́ san án padà. Ta ló ń dá iye epo? Ọjà Liverpool. Ta ló ń kọ ìwé gbèsè? Àwọn ọ̀hún. Tí iye epo bá já, gbèsè ẹ ò ní já o. Nínú àwọn ọdún 1870, òun àti iléeṣẹ́ Child, Mills gbé ara wọn dé kóòtù, òwò ẹ̀ sì dojú dé. Èmi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbí. Ohun tí mo rí ni pé ìwé apá kan ò bá ti apá kejì mu, kò sì sí ẹni àárín tí ẹni méjèèjì gbà gbọ́.

6/ Ibi tí Davies gbà lọ lẹ́yìn náà ló kàn wá. Ó kọjú sí oko kòkó ní Ìjọn, ní apá Agége. Nígbà tí Sara kú ní 1880, inú oko yẹn ló mọ òpó òkúta ìrántí sí fún un. Àwọn oníṣòwò Èkó míì náà tẹ̀ lé e wá sóko, bíi J. K. Coker. Ní 1907, àwọn àgbẹ̀ yìí dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Ẹ̀yin tó ń wọ BRT kọjá ní Pen Cinema, ilẹ̀ tí ẹ ń gbà kọjá yẹn, àwọn èèyàn tí òwò òkè òkun lé kúrò ní Marina wà lára àwọn tó sọ ọ́ di oko kòkó.

7/ Alárinà wá dé. Ní 1894 ni wọ́n dá Bank of British West Africa sílẹ̀, èyí tá a mọ̀ sí First Bank lónìí. Ọ̀nà tí báńkì ń gbà ṣe é rọrùn: ẹni tó ń tajà á kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n á fún un ní ìwé ẹrù. Kò ní fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń rà, báńkì ló máa fi ránṣẹ́ sí. Ìwọ tó o rajà, o ò lè gba ẹrù ní wáàfù láìsí ìwé yẹn, báńkì ò sì ní gbé e fún ẹ láìjẹ́ pé o sanwó. Kò sẹ́ni tó dá gbogbo nǹkan dì mọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní escrow lónìí, ọmọ-ọmọ ètò yìí ni.

8/ Àmọ́ alárinà lè ṣègbè. Àwọn oníṣòwò wa ké títí pé báńkì Òyìnbó kì í yá àwọn lówó bó ṣe ń yá àwọn iléeṣẹ́ Òyìnbó. Ìdí nìyẹn tí Akinola Maja, T. A. Doherty àti Hamzat Subair fi dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní 1933. Ẹ fi èyí sọ́kàn: kó o tó gba alárinà kan, kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún.

9/ Ojú ọ̀nà tí lẹ́tà gbà yẹn náà ni jìbìtì gbà. Ní 1920, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ P. Crentsil, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ní Èkó, kọ lẹ́tà sí ẹnì kan ní Gold Coast pé òun ní agbára abàmì, kó ṣáà fowó ránṣẹ́. Ó pe ara ẹ̀ ní "Professor of Wonders". Ní 1921 ọlọ́pàá gbé e lọ sí kóòtù, abala 419 nínú ìwé òfin sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún o! Instagram kọ́ ló bí wọn.

10/ Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìkẹjà. Láàárín 1950 sí 1965, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sọ ilẹ̀ Ìkẹjà di ibùdó iléeṣẹ́: aṣọ, táyà Dunlop, bíà Guinness. Ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, òkè òkun ni wọ́n ti rà á, nípasẹ̀ báńkì. Ibẹ̀ náà ni aago ọwọ́ ti di ohun iyì fún òṣìṣẹ́. Bàbá bàbá mi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Wọ́n ní fèrè iléeṣẹ́ ló ń pe gbogbo èèyàn sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ẹni tó bá ní aago tiẹ̀, ọ̀gá ni láàárín wọn. Torí náà, ẹ má fi ẹni tó fẹ́ aago tó dáa ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti wà lára wa.

11/ Ìjọba náà ti rajà láìsí alárinà rí. Ní 1975, owó epo rọ̀bì ti pọ̀, ni wọ́n bá pàṣẹ sìmẹ́ńtì láti òkè òkun, nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Ó pọ̀ ju ohun tí èbúté Èkó lè já sílẹ̀ lọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò síta lójú òkun, ìjọba sì ń san owó ìdúró lórí ẹ̀ lójoojúmọ́. Sìmẹ́ńtì ń bà jẹ́ nínú omi, owó ń lọ. Kò sẹ́ni tó dúró láàárín tó bèèrè pé: ẹ ti pàṣẹ mélòó? Ta ló wò ó?

12/ Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú là. Láti January 1979, ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ Form M ní báńkì, wọ́n á sì yẹ ọjà náà wò NÍ ÌLÚ TÍ WỌ́N TI Ń TÀ Á, kó tó wọkọ̀: ṣé iye ẹ̀ pé? Ṣé ojúlówó ni? Ṣé wọn ò bu owó lé e? SGS, iléeṣẹ́ kan ní Geneva, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ètò náà ní wàhálà tiẹ̀, wọ́n sì pa á dà nígbà tó yá, àmọ́ ọgbọ́n inú ẹ̀ ṣì dúró: ibi tó o ti lágbára ni kó o ti yẹ ọjà wò. Tó bá ti dé Ìkẹjà, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

13/ Geneva kan náà ni ìlú Rolex. Ọmọ Jámánì kan, Hans Wilsdorf, ló bẹ̀rẹ̀ òwò aago ní London ní 1905. Ní 1908 ló forúkọ Rolex sílẹ̀, nígbà tó yá ó kó lọ sí Geneva. Ní 1926 ó ṣe aago Oyster tí omi ò lè wọ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, Rolex fúnra wọn kì í ta aago tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fàṣẹ sí ni aago tuntun wà, bíi Polo Luxury ní Èkó níbí. Ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó bá ní "láti factory Rolex tààrà" ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́.

14/ Ayé íntánẹ́ẹ̀tì wá dé, àwọn kan sì bà wá lórúkọ jẹ́. Ẹ mọ Hushpuppi. Lára owó tí wọ́n fi jìbìtì gbà lọ́wọ́ ẹnì kan tó fẹ́ kọ́ ilé ìwé ní Qatar, nǹkan bíi $230,000 ni wọ́n fi ra aago Richard Mille kan ṣoṣo. Ilé ìwé di aago! Kóòtù Amẹ́ríkà rán an lẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3 ní November 2022. Torí irú ìwà yìí, oníṣòwò aago tó gbọ́ "Nigeria" lè máa fura sí owó rẹ, ìwọ tó o fi òógùn ojú rẹ ṣiṣẹ́.

15/ Àwọn ọ̀nà tó láàbò náà sì ń sá fún wa. PayPal ò gbà wá títí di 2014, nígbà tó sì gbà wá, ká fowó ránṣẹ́ nìkan ni. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dá káàdì náírà dúró lẹ́nu òwò òkè òkun. Ibi tí alárinà bá ti kúrò, gbájú-ẹ̀ á wọlé. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa ní Ọ̀gbà, ẹlẹ́rọ ni, ó fẹ́ ra Omega fún bàbá ẹ̀ tó ń fẹ̀yìn tì. Oníṣòwò náà ní Dubai lòun wà, ó ní kó fi crypto sanwó "kí báńkì má bàa yọ wá lẹ́nu". Bó ṣe sanwó tán, wọ́n block ẹ̀. Owó tó fi ọdún méjì tọ́jú. Bàbá ò mọ̀ dòní.

16/ Ẹ má rò pé àwa nìkan ló ń lu jìbìtì o. Ní Japan, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Toke Match ń gba aago olówó ńlá lọ́wọ́ àwọn èèyàn láti fi yá ẹlòmíì. January 2024 ni wọ́n ṣàdédé ti ilẹ̀kùn. Aago tó ju 800 lọ ni wọn ò rí. Japan nìyẹn, níbi tí gbogbo nǹkan ti létò! Orúkọ ìlú kì í ṣe ẹ̀rí.

17/ Ó yá, ìdáhùn mi rèé. Alárinà mẹ́ta lo nílò.

ÀKỌ́KỌ́, alárinà owó. Lo ibi tí wọ́n ti ń di owó mú títí aago á fi dé ọwọ́ rẹ. Chrono24, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Jámánì ní 2003, ní irú escrow bẹ́ẹ̀. Tí oníṣòwò bá ní kẹ́ ẹ jáde kúrò níbẹ̀ kó lè gé owó díẹ̀ fún ẹ, alárinà ló fẹ́ lé lọ yẹn. Má gbà. Tí wọ́n bá sì fi email sọ fún ẹ lójijì pé nọ́ḿbà àkáǹtì ti yí padà, má sanwó. Wá nọ́ḿbà fóònù ṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ, kó o pè wọ́n. Olè lè wọ inú email ojúlówó oníṣòwò.

18/ ÌKEJÌ, alárinà ọjà. Ṣe bíi 1979: yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Tó o bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí ní London tàbí Houston, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kí aago lọ. Kó gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnaagoṣe tí kì í ṣe ti oníṣòwò náà, kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀rọ inú ẹ̀, kó tó sọ pé òun ti gba ọjà. Má gbójú lé ìwé àti páálí nìkan, àwọn ayédèrú ní ìwé àti páálí tiwọn. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n ṣe ní Computer Village: ẹ kì í sanwó fóònù láìtẹ̀ ẹ́ wò.

19/ ÌKẸTA, alárinà orúkọ. Gba nọ́ḿbà serial aago náà, kó o bi The Watch Register ní London bóyá wọ́n ti jí i rí. Tí oníṣòwò bá ní iléeṣẹ́ òun wà ní England, wo orúkọ ẹ̀ ní Companies House, ọ̀fẹ́ ni. Wo ọdún tí wọ́n forúkọ sílẹ̀: iléeṣẹ́ oṣù mẹ́ta tó ń ta aago mílíọ̀nù lọ́nà ọgbọ̀n, kí lẹ rò?

20/ Ti ọ̀nà náà ṣe pàtàkì. Bèèrè kí insurance tí wọ́n fẹ́ fi gbé e lè san gbogbo iye aago náà tó bá sọ nù, torí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń gbé ẹrù ló ní iye tí wọn kì í kọjá lórí aago. Má jẹ́ kí wọ́n kọ "gift, $50" sára ẹ̀ láti sá fún owó aṣọ́bodè. Tó bá sọ nù, $50 náà ni wọ́n máa san fún ẹ, tí àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà bá sì ṣí i, ẹjọ́ dé nìyẹn. Ka owó aṣọ́bodè àti VAT 7.5% mọ́ iye aago láti ilé.

21/ Gbogbo èyí máa gba àkókò, á sì gba owó díẹ̀ lé e. Oníṣòwò tó bá ń kánjú mọ́ ẹ lọ́wọ́ pé "ẹlòmíì fẹ́ rà á lálẹ́ yìí", jẹ́ kí ẹlòmíì rà á. Davies, pẹ̀lú gbogbo ìwé tó kà àti ọ̀rẹ́ tó ní ní ààfin Victoria, òwò òkè òkun ṣì dà á láàmú. Ìwọ tó ò mọ ẹnì kankan ní ààfin, di alárinà rẹ mú.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́jú owó aago lọ́wọ́lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ bi mí nísàlẹ̀.