Ọ̀nà Jíjìn Tí Ọya Rìn Kí N Tó Kà Nípa Rẹ̀

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo ka ojú ìwé tó kẹ́yìn. NẸ́PÀ ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, iná fóònù ni mo fi ń kàwé, bátìrì rẹ̀ sì ti fẹ́ tán. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá jí, ó rí mi tí mo ń nu ojú, ó ní, "Ta ló kú?" Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Irọ́ ni mo pa. Ènìyàn kú nínú ìwé yẹn dáadáa.

Ìwé tí mò ń sọ ni Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ, tó jáde lọ́dún 2018. Ìtàn àròsọ tí wọ́n kọ fún àwọn ọ̀dọ́ ni, idán, ogun àti ìfẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti kà á ṣáájú mi. Èmi ni mo kọ̀ tí n kò kà á, torí mo rò pé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó ti ka Fágúnwà kò nílò kí ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà máa fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn òrìṣà fún òun. Ìgbéraga lásán ni. Nígbà tí mo parí rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lọ́kàn mi, òun ni mo sì wá ìdáhùn sí nínú àwọn ìwé ìtàn: ọ̀nà wo ni Ọya gbà dé inú ìwé yìí?

Fún ẹni tí kò tíì kà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Zélie Adebola ni ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé. Ọba Saran ti pa àwọn tó ní agbára idán ní ilẹ̀ wọn, ìyá Zélie sì wà nínú wọn. Irun funfun ni wọ́n fi ń dá àwọn ọmọ tí wọ́n fi sáyé lọ mọ̀, ìyà àti owó orí ni ìpín wọn. Ọ̀nà kan wá yọ láti dá agbára náà padà. Zélie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Tzain, àti Amari, ọmọ ọba obìnrin tó sá kúrò láàfin, ni wọ́n jọ mú ọ̀nà pọ̀n. Inan, ọmọ ọba ọkùnrin, ló ń lépa wọn. Ẹni tó yẹ kó pa ni ọkàn rẹ̀ wá fà sí. Agbára Zélie, ọ̀dọ̀ Ọya ló ti wá. Bó ṣe parí, mi ò ní sọ.

Èrò mi ni pé bàbá tàbí ìyá Adeyemi ló sọ̀rọ̀ Ọya fún un. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1993, wọn kò sì fi èdè wọn kọ́ ọ. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Harvard, lẹ́yìn náà ló lọ ṣe ìwádìí ní Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíìlì. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, tí wọ́n ti ń ta ẹ̀bùn fún àwọn àlejò, ni òun ti rí àwòrán àwọn òrìṣà. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wo orúkọ tó fún tẹ́ḿpìlì inú ìtàn rẹ̀: Chândomblé. Ẹni tó bá mọ̀ pé Candomblé ni wọ́n ń pe ẹ̀sìn òrìṣà ní Bahia yóò mọ ibi tí òǹkọ̀wé ti bomi mu.

Báwo wá ni Ọya ṣe dé Salvador? Kò wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, kọ̀yìn sí Aláàfin. Ogun Òwu tẹ̀lé e ní àwọn ọdún 1820, nígbà tí àwọn ọdún 1830 sì fi máa parí, Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nínú àwọn ogun wọ̀nyí, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Ouidah, ọkọ̀ sì kó wọn lọ. Bahia ni ọ̀pọ̀ wọn balẹ̀ sí. Nagô ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé aya Ṣàngó ni Ọya, tí Ṣàngó sì jẹ́ òrìṣà ààfin Ọ̀yọ́, ibi tí ọmọ Ọ̀yọ́ bá dé ni tọkọtaya náà dé.

Àpẹẹrẹ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ilé òrìṣà kan wà ní Salvador tó ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Casa Branca ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n Ilê Axé Iyá Nassô Oká ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ kà á jáde ketekete: Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé oyè ni Ìyá Nàsó láàfin Ọ̀yọ́, obìnrin tó ń bójú tó Ṣàngó Aláàfin ló ń jẹ ẹ́. Ààfin tó ń fọ́ lọ́wọ́ nílé, oyè rẹ̀ ti rékọjá òkun, ó ti di orúkọ ilé.

Wọn kò jẹ́ kí wọ́n sinmi níbẹ̀ náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Nagô tó jẹ́ Mùsùlùmí ló ṣáájú nínú ọ̀tẹ̀ ńlá tí àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dì ní Salvador. Malê ni wọ́n ń pe àwọn wọ̀nyí, ìyẹn ìmàle wa. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ náà, ìjọba lé ọ̀pọ̀ padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn kan nínú irú àwọn tó padà bọ̀ bẹ́ẹ̀ ló tẹ Pópó Àgùdà dó ní Èkó. Ọdún 1888 ni oko ẹrú tó dópin ní Bràsíìlì. Kódà lẹ́yìn òmìnira, ọlọ́pàá ń já wọ ilé òrìṣà, wọ́n ń kó ìlù àti ohun ìbọ lọ. Títí di ọdún 1976, ilé òrìṣà ní Bahia ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí ó tó lè ṣọdún. Ẹni tó bá ka bí àwọn ọmọ ogun Saran ṣe ń já wọlé onílé nínú ìwé Adeyemi, ó dà bíi pé mo ti sọ irú rẹ̀ tán yìí. Adeyemi fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà pé àwọn ènìyàn dúdú tí ọlọ́pàá ń pa ní Amẹ́ríkà ló wà lọ́kàn òun.

Ọya fara pa mọ́. Wọ́n fi ẹni mímọ́ Kátólíìkì kan, Santa Bárbara, bò ó lójú, ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá sì ni wọ́n ń ṣọdún rẹ̀, tí gbogbo ìgboro Salvador máa ń pọ́n rokoso fún aṣọ pupa. Iansã ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ìyánsàn-án, ìyá ọmọ mẹ́sàn-án. Oúnjẹ rẹ̀ ni acarajé, èyí tí àwọn obìnrin aláṣọ funfun ń dín nínú epo pupa létí títì. Àkàrà tiwa ni, àwọn tó ń polówó rẹ̀ nígbà kan ló so "jẹ" mọ́ ọn nídìí.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé? Ẹ rántí Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n mú un ní Òṣogùn, wọ́n sì tà á fún ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló gbà á sílẹ̀ lọ́dún 1822, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ká ní wọn kò pàdé ọkọ̀ náà lójú omi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Bràsíìlì ni ì bá bá ara rẹ̀. Ogun kan náà ló kó gbogbo wọn. Ọkọ̀ kan lọ sí Bahia, ó gbé Ọya lọ. Ẹni tó wà nínú èkejì padà wálé pẹ̀lú Bíbélì, ó fún wa ní èdè tí a ń kọ sílẹ̀ lónìí. Láìsí iṣẹ́ rẹ̀, bóyá n kò ní máa kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ṣùgbọ́n inú Bíbélì yẹn kan náà ni Èṣù ti di orúkọ Sátánì, àwọn òrìṣà yòókù sì bá a lọ. Ifá- di Olú-, Ọya- di Jésù-. Nínú ìdílé tèmi, Ọyáníyì ni bàbá bàbá mi àgbà ń jẹ́ kí ó tó di Olúníyì.

Lọ́dún 1938, ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Kò pẹ́ tí ìwé náà bẹ̀rẹ̀ tí bàbá Àkàrà-ògùn, tó jẹ́ ọdẹ, fi yìnbọn lu àgbọ̀nrín kan, tó wá rí i pé ìyàwó òun ni. Mo ti ka ibẹ̀ ní kíláàsì, mo sì ti dáhùn ìdánwò lórí rẹ̀. Àfìgbà tí mo ka Zélie àti Inan tán ni mo tó rí i pé mo ti gbọ́ ìtàn tó fara jọ gbogbo wọn láti kékeré.

Màmá àgbà mi ló máa ń pa á fún wa. Ọdẹ kan wà lórí ègùn lóru, ó rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, tó di arẹwà obìnrin, tó gba ọjà lọ. Ọdẹ jí awọ náà gbé pa mọ́ sínú àká. Obìnrin náà gbà láti fẹ́ ẹ, bí kò bá ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé. Ó bímọ mẹ́sàn-án fún un. Ṣùgbọ́n ìyáálé rọ ọkọ yó lẹ́mu, ọkọ sì tú àṣírí. Nígbà tí wọ́n fi bú u, obìnrin náà wá awọ rẹ̀ rí, ó rẹ ẹ́ sómi, ó gbé e wọ̀, ó ṣe wọ́n bó ṣe ṣe wọ́n. Àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló dá sí, ó yọ ìwo fún wọn pé kí wọ́n máa fi pe òun.

Inan ni ọdẹ yẹn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé irun funfun ti hù lórí òun náà, tó ń fi àkẹtẹ̀ irin bò ó mọ́lẹ̀: ọdẹ fúnra rẹ̀ ní ìwo lórí. Ìbéèrè méjèèjì dọ́gba. Ṣé ẹni tí wọ́n kọ́ láti pa ọ́ lè pa àṣírí rẹ mọ́?

Obìnrin ẹfọ̀n ni Màmá àgbà máa ń pè é. N kò mọ̀ pé Ọya ni, àfìgbà tí mo dé yunifásítì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo parí ìwé yẹn, mo pè wọ́n. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Obìnrin ẹfọ̀n inú ìtàn yín, ṣé Ọya ni?"

Wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti já.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo kà á ni, mà."

"Ìyá mi ń bọ ọ́. Ìwo rẹ̀ wà nílé wa kí wọ́n tó kó gbogbo rẹ̀ dànù. Wọ́n ní a kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Mo yọ orúkọ kúrò, mo pa ìtàn."

Ní kíláàsì wa, a máa ń fi ìwé yìí ṣe yẹ̀yẹ́. A ní kí ni àmì méjì ń ṣe lórí "i" inú Orïsha? Ta ló mú Gombe, Zaria àti Sokoto wá sínú ìjọba kan náà pẹ̀lú Ìbàdàn? A kò parọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ọfọ̀ tí Zélie fi ń jí òkú, Yorùbá ni. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, owó ìtanràn ni à ń san bí a bá sọ Yorùbá nínú ọgbà. Ọgọ́rin ọdún gééré ló wà láàárín ìwé Fágúnwà àti ti Adeyemi. Nínú wa tí à ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè yìí, ta ló ti kọ ìtàn ìfẹ́ obìnrin ẹfọ̀n fún ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lédè Yorùbá? Èmi kò tíì kọ ọ́. Ẹ̀rín tí mò ń rín kò tọ́ sí mi.

Màmá àgbà ní kí n wá nígbà tí a bá gba ọlidé. Wọ́n ní àwọn yóò tún pa á fún mi, àti pé lọ́tẹ̀ yìí àwọn yóò fi orúkọ sí i. Mo ti ra bátìrì alágbèéká, kí fóònù má baà kú mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo bá ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìtàn wo ni wọ́n pa fún yín nílé tí wọ́n ti yọ orúkọ inú rẹ̀?