Ètò Abúlé Àró
Ètò ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo (1923–2004) dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1954, nígbà tí wọn kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn Àró fúnra rẹ̀ tán. Nígbà náà, aláìsàn á gba yàrá lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, ṣùgbọ́n kò ní dá wá: ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ẹbí mìíràn gbọ́dọ̀ bá a gbé, kó máa dáná fún un, kó máa fọ aṣọ rẹ̀, kó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú láràárọ̀. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á padà sílé. Àwọn onílé máa ń gba owó ilé nígbà náà. Lambo fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pàápàá. Ẹni tí kò lẹ́bí tó lè fi oko tàbí ọjà sílẹ̀ ni ètò náà kò rọrùn fún.