Ọjọ́ Tí A Fi Etí Ṣọ́ Àpáta

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí. Sátidé kan ni, ní Oṣù Kẹwàá. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, àcà ti ń gbó lóko. Mo da ìborùn bora, mo gba ọ̀nà Laminga lọ sí Amurum, lẹ́bàá Jos. Inú ìwé àkọsílẹ̀ mi àti ẹnu àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ ni mo ti ṣa ìròyìn ọjọ́ náà jọ.

Aago mẹ́fà. Amurum kì í ṣe ẹgàn. Àpáta ńláńlá ni, koríko, àti igi tó ṣù mọ́ etí odò kéékèèké. Wọ́n ń dáàbò bò ó, ibẹ̀ sì ni APLORI, ilé ìwádìí ẹyẹ, wà. Ẹyẹ dúdú kan bà sórí ẹ̀ka gíga, ó ń kọrin, ṣùgbọ́n orin ẹlòmíràn ni. Ẹyẹ yìí kì í kọ́ ìtẹ́. Inú ìtẹ́ ẹyẹ mìíràn ló ń yé ẹyin sí, ọmọ rẹ̀ a sì gbọ́ orin bàbá tó gbà á tọ́, a máa kọ ọ́ títí ayé rẹ̀. Robert Payne, onímọ̀ ẹyẹ ará Amẹ́ríkà, gbọ́ orin náà lórí òkè Jos, kò sì mọ ẹni tó ni ín. Ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbé e sí i láàárín àpáta, títí olórin gan-an fi dá a lóhùn: ẹyẹ bíńtín tí ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọdún 1998 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lórúkọ nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Etí ni wọ́n fi rí i. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ ariwo fi ń ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú. Gbòlà! Dáńámáìtì ni. Ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ fẹ́ máa fọ́ òkúta ní ẹ̀yìn àdúgbò wa, wọ́n ní àwọn kàn ń dán an wò ni. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Gbogbo ẹyẹ pa lọ́lọ́. Mo wo aago: ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko kí ọ̀kan tó tún fọhùn.

Aago mẹ́sàn-án. Ìyá tó ń dín kósì lẹ́bàá ọ̀nà nàka sí ibi tí ògiri rẹ̀ ti sán. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò gbà kí wọ́n sọ òun kalẹ̀.

Aago méjì ọ̀sán. A pé sábẹ́ igi máńgòrò nílé Mai Angwa, olórí àdúgbò, nítorí ọ̀rọ̀ dáńámáìtì náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹyẹ ò ní san owó ilé-ìwé àbúrò mi. Bí wọ́n bá fún mi níṣẹ́, màá ṣe é."

Kò sẹ́ni tó bú u. Lójú tèmi, òun ló sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ́jọ́ náà. Mai Angwa pẹ́ kó tó fèsì. "Ọmọ mi, bàbá mi ṣiṣẹ́ kuza." Kuza ni Háúsá ń pe tánńganran tí àwọn òyìnbó wà níhìn-ín, òun náà ni àwa Yorùbá sọ di kùsà. "Owó ti lọ. Kòtò omi ló kù, láti Bukuru dé Barkin Ladi. Ọmọ wa ló ń kó sínú rẹ̀."

Olùkọ́ kan wá mú ọ̀rọ̀ Ekuri wá, ní Cross River. Ní January 22, 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé àwọn ti gba ilẹ̀ kìlómítà mẹ́wàá ní apá ọ̀tún àti mẹ́wàá ní apá òsì títì tuntun kan tí yóò gùn tó 260 kìlómítà. Igbó Ekuri, hẹ́kítà 33,600, wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn ará Ekuri ti lé agégẹdú sẹ́yìn rí. Ìgbìmọ̀ àgbáyé ti fún wọn ní ẹ̀bùn Equator ní 2004 nítorí igbó yẹn. Wọn kò dákẹ́. Ó lé ní 250,000 ènìyàn tó bá wọn fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀. Ní 2017, ìjọba jọ̀wọ́ ilẹ̀ náà, wọ́n sì yí ojú ọ̀nà padà.

"Ọdún kan lé?" ni ìyá oníkósì béèrè. Olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó sún àga rẹ̀ mọ́ iwájú.

Aago mẹ́rin. A kọ lẹ́tà. A tọ́ka sí òfin ọdún 1992 tó ní kí wọ́n yẹ ewu iṣẹ́ wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ará ìlú sì sọ tẹnu wọn, àti òfin ìwakùsà ọdún 2007 tó ní kí ilé-iṣẹ́ bá ìlú tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Àwọn tí kò mọ̀wé kọ tẹ àtàǹpàkò. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn kò tíì fọwọ́ sí i.

Aago márùn-ún ààbọ̀. Ó tẹ̀ lé mi dé ìdí àpáta, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ẹyẹ tí mò ń sọ. Mo gbé ohùn rẹ̀ sí i lórí fóònù. Ó tẹ́tí, ó sì gbá mi lápá.

"Èyí? Láti kékeré tí mo ti ń da ewúrẹ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo rò pé kòkòrò ni."

Ó ní kí n tún un gbé sí i.